Ilé Ẹni Méjì ní Kétu

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ilẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni arìnrìn-àjò ń là kọjá kí ó tó débẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ pupa ọlọ́pẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Àjàṣẹ́, tí ó gba Ìṣàkétè kọjá títí dé Ìpóbẹ̀. Ní Ìpóbẹ̀ ni àwọn Faransé dá ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní ọdún 1922, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Láti ojú fèrèsé tasi ni a ti ń rí àwọn igi náà tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níwájú àsíá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀ kejì ni ti àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ dúdú tí ó rẹlẹ̀, tí ó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí àmàlà nígbà òjò, tí ó sì ń lanu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1914 àti 1915, nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ láti sin Faransé, ilẹ̀ yìí bá wọn jagun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà, mo ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó rì sínú ẹrẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí awakọ̀ ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ tún ga, tí ó tún pọ́n, tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà á mọ̀ pé òun ti wọ Kétu.

Ní gbogbo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń gba ọ̀nà yìí. Ilé kan ni mo ń lọ wò, kò jìnnà sí Ìdènà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni a jọ ni ín, ní dọ́gba-n-dọ́gba, ẹ̀gbọ́n mi kò sì rántí mọ́ pé òun ni ín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé náà àti ìlú tí ó gbé e dúró pọ̀, nítorí n kò mọ bí a ṣe lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Àlejò tí ó bá wọ Kétu, Àkàbà Ìdènà ni ó kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹnu odi ìlú àtijọ́ ni, ó ní ilẹ̀kùn onígi tí ó wúwo, yàrà odi ìlú sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a ya fọ́tò, wọn a sì wọ ọkọ̀ padà. Ì bá dára kí wọ́n jókòó díẹ̀, kí àgbàlagbà kan sọ fún wọn bí ìlú ṣe gba orúkọ. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n tẹ ìlú dó, wọ́n sin abuké kan síbẹ̀, wọ́n sì béèrè pé: ta ní lè tú iké, ta ní lè tú ìlú? Ìbéèrè náà ni ó di Kétu. Ìdáhùn tí ó ń retí ni pé kò sí ẹni náà.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní CEG kan ní Àjàṣẹ́, n kò lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀. Ẹni náà wà. Ní 1886, nígbà ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ tú Kétu. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n pa àwọn tí wọ́n pa, wọ́n sì kó àwọn yòókù lẹ́rú lọ sí ìhà Àgbómẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún méje, igbó ni ó ń gbé Kétu. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀ ni àwọn tí ó kù rí ọ̀nà padà, ní 1893 àti 1894. Kò sí máàpù. Kò sí ìwé ilẹ̀. Ohun tí àwọn wọ̀nyẹn fi mọ ibi tí ilé bàbá wọn wà kò ju ohun tí ó wà lórí wọn lọ.

Nínú àwọn tí ó padà ni ìyá bàbá bàbá wa wà. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí wọ́n kó o lọ, ó ti tó obìnrin nígbà tí ó dé. Bàbá rẹ̀ kú sí ìgbèkùn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì hàn mọ́. Ìtàn tí a jogún ni pé láti ẹnu Ìdènà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣísẹ̀, pé ó dúró lábẹ́ igi ìyeyè kan, tí ó ní: “Ibi ìdáná wa rèé.” Wọ́n ṣán igbó, wọ́n wú ilẹ̀, wọ́n sì bá òkúta ààrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìtàn náà ti dùn díẹ̀ ju bí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ìtàn ilé kì í pẹ́ lẹ́nu kí ó má gba iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lẹ́nu arúgbó náà fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí arúgbó náà kú. Èmi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni kan ṣoṣo ni ó wà láàárín èmi àti 1886, ẹni náà sì ni ó ń gbàgbé yìí.

Ní ọdún 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ni bàbá wa wó ilé alámọ̀ àtijọ́, tí ó sì kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí. Mésáǹ ni, ó ti ṣiṣẹ́ káàkiri títí dé Kútọnu, ó sì kọ́ ilé rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: yàrá mẹ́jọ yí àgbàlá ká, ògiri amọ̀ tí ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú àti lóde, àti kòtò omi òjò tí ó jìn lábẹ́ eteéru òrùlé, nítorí omi kì í súnmọ́ni ní Kétu. Ó fi ṣíbí rẹ̀ kọ “1961” sí òkè ilẹ̀kùn nígbà tí sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ. Ẹ̀yìn nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé òun ni òun pè é fún oúnjẹ lákòókò náà, ni ọwọ́ rẹ̀ fi yẹ̀.

Bàbá kú ní 2009. Ọmọ méjì péré ni ó fi sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyá tirẹ̀, àwọn ìyá náà sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú agbo ilé wí fún mi pé ilé tọ́ sí ọkùnrin, pé kí ẹ̀gbọ́n mi máa gbé inú rẹ̀ bí ọmọ ilé, ṣùgbọ́n kí orúkọ mi nìkan wà lórí ìwé. Àṣà tí a bá nílẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Òfin ti yí padà: Code des personnes et de la famille ti ọdún 2004 fi ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sí ipò kan náà nínú ogún. Bí òfin kò bá tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni ó ra páànù tuntun sí ilé náà ní 1991, pẹ̀lú èrè aṣọ tí ó ń gbé lọ tà ní ọjà Ìlárá, nígbà tí èmi ṣì ń wọ kakí lọ sí kíláàsì. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ìlú ń pè é. Kò mọ̀wé. Gbogbo gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹni tí ó jẹ ọ́n ní àbọ̀ àti ẹni tí ó ti san ìdá mẹ́ta, orí rẹ̀ ni ó ń kó wọn sí, n kò sì rí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni já a níyàn tí ó borí.

Gbèsè náà ni ó kọ́kọ́ lọ. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó béèrè owó lọ́wọ́ obìnrin kan tí ó ti san án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ń fi iyọ̀ sí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á di ẹrù sínú aṣọ, á jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun ń dúró de ẹni tí yóò mú òun lọ sílé. Ó jókòó lábẹ́ 1961.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún un, a ní àgbà náà ń ṣarán. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí a bá ti sọ ọ́ tán, a kì í ṣe nǹkan kan mọ́. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ orí ni ó mú un wá, tí òjò fi ń mú ẹrẹ̀ wá. Dókítà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún wa pé àìsàn ọpọlọ ni, àti pé ó jọ èyí tí a ń fi orúkọ Alois Alzheimer pè, oníṣègùn Jámánì tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906. Kì í ṣe gbogbo arúgbó ni ó ń ṣe. Kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó: àwọn oníṣègùn ti ka á láàárín àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ wa, ní Jijà tí í ṣe ìgbèríko àti ní Kútọnu, wọ́n sì bá a ní ibi méjèèjì. Kò sí oògùn tí ó ń wò ó sàn. Ohun tí dókítà náà tẹnu mọ́ jù ni pé kí a má ṣe máa ṣí i nípò kiri, kí ohun gbogbo wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń sọ ní kọ̀rọ̀. Arúgbó obìnrin tí ó ń rìn lóru, tí ó ń bá àwọn tí a kò rí sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí aládùúgbò á máa fà yọ. Ọmọdé kan sọ okò lu ilẹ̀kùn wa ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìlú wa ni ó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a ń fi ijó àti orin tu àwọn ìyá wa lójú, tí UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ìṣúra ayé láti 2001. Mo bá bàbá ọmọ náà sọ̀rọ̀, n kò bá ọmọ náà wí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín wá fún Ìyá Ìbejì, láti ìgbà náà ó ti di obìnrin tí ó ń bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní báyìí, “Bàbá” ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Ẹni tí ó bí wa ni ó rí nínú mi, bóyá nítorí irun mi tí ó ti ń funfun. Bí mo bá dé láti Àjàṣẹ́, á kúnlẹ̀ kí mi, èmi náà á sì tètè dọ̀bálẹ̀ fún un, àwa méjèèjì a wà nílẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ń tọ́jú rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà kan ó bi mí pé: “Bàbá, ta ni ẹ kọ́ ilé yìí fún?” Mo ní: “Ẹ̀yin ni, àti àbúrò yín.” Ó ní: “Àbúrò mi wà ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ta á kí ó tó dé.”

N kò mọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ títa fún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nílé. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti dára ni ilẹ̀ ẹ̀bá títì ti gbówó lórí ní Kétu, àwọn oníṣòwò ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún tí ó kọjá. Owó tí ó dá lé ilé náà ju ohun tí mo ń gbà ní ọdún mẹ́ta lọ. Ó ti tẹ ìwé wá, ó sì fa páàdì tàdáwà yọ nínú àpò, ó ní kí n fọwọ́ sí i, kí ìyá sì tẹ àtàǹpàkò, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fi làálì sí òun lọ́wọ́.

Mo ti kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ kò mọ bí òfin ṣe rí lórí irú nǹkan báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ilé kan ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò lè kàn. Indivision ni Faransé ń pe ilé bíi tiwa: ilé àìpín. Kì í ṣe pé yàrá mẹ́rin jẹ́ tèmi, tí mẹ́rin jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ìbú ọwọ́ ògiri kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni tirẹ̀. Èmi nìkan kò lè ta odindi rẹ̀. Òun nìkan kò lè tà á. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ipá dá ẹnikẹ́ni dúró sínú àìpín. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pín in lè lọ sí ilé ẹjọ́, bí kò bá sì ṣeé pín, kí a tà á kí a pín owó. Gbogbo èyí ni a kọ fún ẹni méjì tí iyè wọn pé. Bí iyè ọ̀kan bá ti lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ lórí ìwé kò níye lórí, ẹni tí ó sì dì í mú tẹ̀ ẹ́ ti ṣe ohun tí adájọ́ lè fagi lé. Ọmọ kò lè fọwọ́ sí i fún ìyá rẹ̀ kìkì nítorí pé òun ni ó bí i, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò kò lè ṣe é fún ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ ni ó ń yan alágbàtọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èyí tí ìwé òfin ń pè ní tutelle, alágbàtọ́ náà á sì máa jíhìn.

Mo fi ìwé oníṣòwò náà padà fún un. Wàhálà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ó lọ, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kútọnu, gbọ́, ó sì wá. Ẹ má ṣe rò pé ọmọ burúkú ni. Òun ni ó ń san owó oògùn. Ó jókòó síwájú mi ní àgbàlá, ó ní: “Tonton, páànù kò lè bọ́ ìyá mi. Owó rẹ̀ wà nínú ògiri, ebi rẹ̀ sì wà lóde. Ẹ̀yin ń pa ilé mọ́ fún òkú, èmi ń wá oúnjẹ fún alààyè.” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Títí di òní, n kò tíì rí èsì tí ó kún.

Ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí Kútọnu láti wò bóyá yóò lè gbé ibẹ̀. Ilé rẹ̀ dára, omi ẹ̀rọ wà, aya rẹ̀ ní sùúrù. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Ìbejì jáde nígbà tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, ó dá zémìjàn dúró, ó ní kí ó gbé òun lọ sí ilé bàbá òun. Ọlọ́kadà náà béèrè pé níbo. Ó ní: “Ẹ̀gbẹ́ Ìdènà.” Orí ṣe é pé ọmọ Ìpóbẹ̀ ni ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé Ìdènà kò sí ní Kútọnu. Kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e yí àdúgbò ká títí tí ọmọ kan fi dá a mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ó dá ìyá rẹ̀ padà wá sí Kétu, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ náà.

Nínú ilé tí ó gbàgbé pé òun ni ó ni yìí, bí iná mànàmáná bá lọ lóru, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kì í kọsẹ̀. Mo ti wo ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ fi ga díẹ̀ ní ẹnu yàrá kẹta, níbi tí bàbá ti dí ihò eku. Ó mọ èwo nínú àwọn ìdè fèrèsé ni ó dà. Kò mọ ọdún tí a wà, ó sì ń bi mí léèrè bóyá Ààrẹ Maga ṣì wà lórí oyè, ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún un pé kí ó bu omi, á gba ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ sí ìdí kòtò, á sì fi ẹsẹ̀ wá okùn kí ó tó fi ọwọ́ mú un.

A pe awọnlẹ̀ ní oṣù kejìlá, nítorí tà ni, pa mọ́ ni, ilé tí kò ní ìwé kò ní ẹnu. Láti òfin ilẹ̀ ti 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ẹ̀rí tí ó fi ìdí ìní múlẹ̀. Ìwé yòókù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní lọ́wọ́, àkíyèsí lásán ni wọ́n. Bàbá kò fi ju ìwé owó orí sílẹ̀. Pẹ̀rẹ́gún ni ó fi pààlà, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, igi kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ni a rí. Ọ̀kẹrin, ìyẹn ti ìhà ilé ìdáná aládùúgbò wa, ti kú tipẹ́. Ẹnì kan ní kí a bi Ìyá Ìbejì, àwọn mìíràn sì bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó rìn lọ, ó fi ọwọ́ kan àwọn pẹ̀rẹ́gún mẹ́ta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ilé ìdáná aládùúgbò, ó dúró sí ààrin rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin náà, ó ní ibí ni ọ̀kẹrin wà.

Ariwo sọ. Aládùúgbò wa ní àbí a fẹ́ fi wèrè gba ilẹ̀ òun ni. Baálé agbo ilé wọn, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ní kí wọ́n mú òun wá. Ó ní ní ìgbà èwe òun, pẹ̀rẹ́gún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé bàbá wa àti bàbá tiwọn ti ṣe pàṣípààrọ̀ igun ilẹ̀ kékeré náà, kí ilé ìdáná lè rí àyè, kí àwa náà lè rí àyè gbẹ́ kòtò omi. Ẹ̀gbọ́n mi rántí igi náà, kò rántí pàṣípààrọ̀. Afọ́jú rántí méjèèjì. Awọnlẹ̀, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì ní kí èmi àti aládùúgbò fọwọ́ sí ààlà bí ó ti wà báyìí. A fọwọ́ sí i. Ní ti ìdajì ẹ̀gbọ́n mi, ó fi àlàfo sílẹ̀ lórí ìwé.

Àlàfo náà ni a fi ṣèpàdé ní àjọ̀dún ọdún tuntun. Àwọn àgbà agbo ilé wà níbẹ̀, àwọn ìbejì méjèèjì wà níbẹ̀, èyí tí ó ń gbé Libreville wà lórí tẹlifóònù. Gbogbo wọn ní èmi ni kí n lọ gba tutelle, nítorí mo mọ̀wé, mo sì jẹ́ àbúrò. Mo kọ̀. Ẹni tí ó ni ìdajì kan kò yẹ kí ó tún máa fọwọ́ sí i fún ìdajì kejì. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ tà tàbí tí a bá fẹ́ pín, èmi ni yóò di ẹni tí ń nájà pẹ̀lú ara mi. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Kútọnu gbà á. Ẹnu ya àwọn kan, nítorí òun ni ó fẹ́ tà. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ṣùgbọ́n alágbàtọ́ kò lè ta ilé ẹni tí ó ń tọ́jú bí ó ti wù ú, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ire ẹni náà ni. Mo fẹ́ kí ìjà wa, bí a ó bá jà, wáyé níwájú adájọ́ ní ọ̀sán gangan, kí ó má wáyé lẹ́nu páàdì tàdáwà. Ó gbà. A ti kó ìwé dókítà àti ìwé ìbí lọ sí ilé ẹjọ́ ní Ìpóbẹ̀, a ń dúró.

Ní báyìí ná, a fi yàrá méjì tí ó kọjú sí títì háyà fún aránṣọ kan àti fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún tẹlifóònù ṣe. 16 000 fránkì ni wọ́n ń san lóṣù. Ọmọbìnrin tí ó ń tọ́jú Ìyá Ìbejì ń gba 25 000, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la ń pín ìyókù san. Báyìí ni ògiri ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó. Ó ti sọ fún mi ní gbangba pé ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá papò dà, òun yóò ní kí a pín in. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo ní tí ó bá di ìgbà náà, n ó ra ìdajì náà bí mo bá lágbára, bí n kò bá sì ní, á ta á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Tonton, owó olùkọ́!”

Òrùlé ìhà ìwọ̀ oòrùn ti ń jò sórí yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Káfíńtà ní 40 páànù ni yóò gbà. A ti ra 18, wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ ẹní. 22 ni ó kù, mo sì fẹ́ kí wọ́n wà lókè kí òjò oṣù kẹta tó dé. Nígbà tí káfíńtà gun àkàbà láti wọn òrùlé, Ìyá Ìbejì jáde, ó fi ọwọ́ bojú wo òkè, ó ní kí ó lo ìṣó olórí rọ́bà ní ìgbà yìí o, pé àwọn tí wọ́n kàn án ní ìjẹta lo ìṣó lásán, òun sì ti kìlọ̀ fún wọn. Káfíńtà gòkè, ó yọ ọ̀kan sọ sílẹ̀ fún mi. Ìṣó lásán ni, ìpàdé ti jẹ orí rẹ̀ tán, láti 1991.